Mẹ́sééjì jíìmù tí kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn: ohun tí ojú wa rí ní Ṣàngó-Ọ̀tà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn láti máa gbọ́ ohùn mi, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí dátà yín ti fẹ́ tán, tàbí tẹ́ ẹ jókòó sínú ọkọ̀ lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó tí mọ́tò ò sì rìn, èyí tí mo kọ sílẹ̀ fún yín rèé. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò. Mo sì ti yọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ti dá sí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ jíìmù la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń gbé irin. Mẹ́sééjì tí jíìmù ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tẹ́ ẹ máa ń fi ìka tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó kà á tán. Kì í ṣe èèyàn ló ń jókòó tẹ̀ ẹ́ síwájú yín níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ló ń fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìdí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í fi í mú ẹnikẹ́ni dìde lórí àga, àti ọ̀kan tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ mi kọ tó ba nǹkan jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Lóṣù kìíní ọdún kan, mo san owó oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà fún jíìmù kékeré kan lọ́nà Ìdí-Ìrókò. Ìgbà márùn-ún ni mo lọ. Kì í ṣe lọ́sẹ̀ o, láàárín oṣù mẹ́ta ni! Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà géérégé, mẹ́sééjì wọn á wọlé: àwòrán ọkùnrin kan tí iṣan ara rẹ̀ dà bíi gbòǹgbò igi ìrókò, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ràgàjì pé kí n má ṣe jáwọ́. Kí n má ṣe jáwọ́ nínú kí ni? Èmi tí mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo pa ohùn nọ́ńbà náà, mo sì sùn padà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ẹni tó ni jíìmù náà pàdé nídìí àkàrà. Kóòṣì ni gbogbo èèyàn ń pè é, Kóòṣì náà ni mo máa pè é níbí. Ojú tì mí, mo ń wá irọ́ tí mo máa pa. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin nìkan kọ́." Ọjọ́ kejì ó fi ìwé ńlá tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ẹni tó bá wọlé hàn mí. Ojú ewé oṣù kìíní kún dẹ́nu. Bí mo ṣe ń ṣí i lọ síwájú ni orúkọ ń dín kù, bí odò tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, títí tó fi di pé àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà kan náà ló ń wọlé lójoojúmọ́. Owó ilé sì ń sún mọ́lé.

Ẹnì kan á ní, kí ló kan Kóòṣì nínú ẹ̀? Ẹni tó sanwó tí kò wá, ṣebí èrè ni? Ẹ̀rọ rẹ̀ ò gbó, omi rẹ̀ ò tán. Ní ìlú òyìnbó, ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, gbé ìwádìí kan jáde ní 2006 lórí àwọn jíìmù kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń san owó oṣooṣù tó lé ní dọ́là 70 kì í lọ ju nǹkan bí ìgbà 4.3 lọ lóṣù. Ẹ bá mi pín in: ó lé ní dọ́là 17 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ jíìmù yẹn kan náà ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà mẹ́wàá tó jẹ́ pé dọ́là 10 ni ìgbà kan. Owó tí wọ́n ń san kí wọ́n má lọ pọ̀ ju èyí tí wọn ì bá san kí wọ́n lọ! Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé owó náà ń tún ara rẹ̀ san lóṣooṣù, àfi tí oníbàárà bá rántí dá a dúró.

Ọ̀tà kọ́ nìyẹn. Níbí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ transfer, tàbí kẹ́ ẹ ka owó lé Kóòṣì lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá wá lóṣù yìí ò ní san ti oṣù tó ń bọ̀. Kò ní pariwo, kò ní kọ lẹ́tà, á kàn pòórá. Nítorí náà, jíìmù àdúgbò tí kò bá mọ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ oníbàárà rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn, ọjọ́ tó bá máa mọ̀ náà ni ọjọ́ tí onílé bá dé. Ìdí nìyí tí Kóòṣì fi ní kí n bá òun ṣe mẹ́sééjì tó lọ́gbọ́n nínú. Ó ti gbọ́ pé mo máa ń sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wá rò pé mo mọ nǹkan.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ̀rọ ò mọ̀ yín rárá. Orúkọ yín ló mọ̀, àti nọ́ńbà yín, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé kẹ́yìn. Ẹ ó wá fún un ní òfin: tí ọjọ́ méje bá ti kọjá láti ọjọ́ yẹn, fi mẹ́sééjì kìíní ránṣẹ́, tó bá di ọjọ́ mẹ́rìnlá, fi èkejì ránṣẹ́. Ó tán. A kó ìwé ńlá yẹn sórí Google Sheets, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń fi fóònù tẹ orúkọ ẹni tó bá wọlé, ọmọkùnrin àdúgbò kan tó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà sì so ó mọ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń ta SMS lópò. Ẹ rí i pé gbogbo rẹ̀ dúró lórí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tó bá gbàgbé láti tẹ orúkọ yín, ẹ̀rọ á sọ pé ẹ ò wá, òógùn á sì wà lára yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń kà á.

Ìdí tí a ò fi kọ́kọ́ lo WhatsApp ni pé WhatsApp Business ọ̀fẹ́, èyí tó jáde ní 2018, lè kí ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín, ó sì lè fèsì nígbà tẹ́ ẹ ò bá sí nítòsí, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ẹnì kan ò wá sí jíìmù lọ́sẹ̀ yìí. Broadcast tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, èèyàn 256 ni orúkọ kọ̀ọ̀kan gbà, ẹni tí kò bá sì tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù rẹ̀ ò ní rí i. Èyí tó ṣeé so mọ́ kọ̀ǹpútà wà lóòótọ́, àmọ́ owó ni, WhatsApp sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. A ní ká fi SMS dán an wò ná.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí mi ò retí. SMS kan gba lẹ́tà 160. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ò sí lára àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi dá SMS sílẹ̀. Tí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá wọlé, gbogbo mẹ́sééjì náà á yí padà sí oríṣi mìíràn, àyè yín á sì já wálẹ̀ láti 160 sí 70. Mẹ́sééjì tí ì bá jẹ́ ojú ewé kan á di méjì tàbí mẹ́ta, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń gbowó lé. Ìyẹn ni pé Yorùbá tó lámì wọ́n ju Gẹ̀ẹ́sì lọ lórí SMS. Kóòṣì gbọ́ iye rẹ̀, ó ní ká yọ àmì dànù kíákíá. A yọ ọ́. Mẹ́sééjì tí a fẹ́ fi sọ fáwọn èèyàn pé owó wọn máa tó parí wá jáde báyìí: "O ku ojo meta." Ó ku ọjọ́ mẹ́ta la ní lọ́kàn. Ọ̀kan nínú wọn kà á sí "o kú ọjọ́ mẹ́ta", inú rẹ̀ dùn pé Kóòṣì kí òun, òun náà kí i padà, kò sì sanwó.

Ìyẹn ṣì jẹ́ ẹ̀rín. Èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín ni mẹ́sééjì ọjọ́ kẹrìnlá. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo rò pé àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa ló máa kà á, mo wá kọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà: "Ṣé o ti sá ni? Irin ń wá ọ! Ọ̀lẹ ò ní gbé ibí o." Kóòṣì kà á, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àǹtí kan wà níbẹ̀ tó ń ta aṣọ lọ́jà Ṣàngó, ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Dókítà ló ní kó máa mira nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó máa ń wá pẹ̀lú ìró lórí ṣòkòtò, ó máa ń kí gbogbo èèyàn tán kó tó gorí ẹ̀rọ, kì í sì í pa ọjọ́ jẹ. Ìyá rẹ̀ kú ní Abẹ́òkúta. Ó lọ sìnkú. Ọjọ́ méje kọjá, ọjọ́ mẹ́rìnlá pé. Láàárọ̀ tí wọ́n ń gbé òkú ìyá rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń sùn àti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kọ̀wé sí i pé ṣé o ti sá ni. "O", fún ìyá ọlọ́mọ. Ọ̀lẹ.

Ó fèsì. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó tẹ ẹ́ síbẹ̀ pé ìyá òun ló kú. Àmọ́ SMS tó bá jẹ́ pé orúkọ ló wà lókè rẹ̀ dípò nọ́ńbà, kò ṣeé fèsì sí. Èsì náà ò débì kankan. Lójú tirẹ̀, ó ti sọ fún Kóòṣì pé òun ń ṣọ̀fọ̀, Kóòṣì ò sì wí nǹkan kan, kò kí i kú ọ̀fọ̀, kò pè é. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wá gba bàtà rẹ̀ tó fi sílẹ̀ ní jíìmù. Ọmọ náà ló sọ fún wa, ó sì fi fóònù ìyá rẹ̀ hàn wá. Kóòṣì wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé bó ṣe yẹ, èyí tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó fọwọ́ kan fóònù. Ohun tí mo rí tó ṣe mí láǹfààní jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíìmù rárá. Ọ̀rọ̀ oògùn ni, ní Kẹ́ńyà.

Ní 2010, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí Richard Lester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Èèyàn 538 tó ń bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV ni wọ́n pín sọ́nà méjì. Àwọn kan gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe máa ń gbà á. Àwọn yòókù ń gba mẹ́sééjì kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ látọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ ò gbà pé mẹ́sééjì náà ò sọ pé "lo oògùn rẹ"? Ohun tó sọ ni "Mambo?", bí àwọn tó ń sọ Swahili ṣe máa ń kí ara wọn, bí ìgbà tí àwa ń sọ pé "Ṣé dáadáa ni?" Èèyàn á fèsì láàárín wákàtí 48: "Sawa", dáadáa ni, tàbí "Shida", ìṣòro wà. Ẹni tó bá sọ pé ìṣòro wà, nọ́ọ̀sì á pè é. Ẹni tó bá dákẹ́, nọ́ọ̀sì á pe òun náà. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, 62 nínú 100 àwọn tó ń gba "Mambo?" ló sọ pé àwọn ń lo oògùn bó ṣe yẹ, lápá kejì, 50 ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà fi ìyàtọ̀ hàn: 57 sí 48.

Ẹ tún un kà. Ìbéèrè ni, kì í ṣe àṣẹ. Ẹni tó ń gbà á mọ̀ pé èèyàn kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ gan-an ni wọ́n ń wá lọ, wọn ò fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ lè bá yín fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún èèyàn láìrẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èsì ọwọ́ èèyàn ló ń bọ̀ sí. Èmi àti Kóòṣì ti ra ẹnu, a gbàgbé etí.

Ìwádìí mìíràn láti Kẹ́ńyà, ti Cristian Pop-Eleches àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2011, fi hàn pé mẹ́sééjì ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ran àwọn tó ń lo oògùn lọ́wọ́: 53 nínú 100 ló lò ó dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé 40 ni ti àwọn tí kò gba mẹ́sééjì. Tojoojúmọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti di ariwo, etí ti di sí i. Wọ́n tún gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ ìwúrí kún un kó gùn, kò fi nǹkan kan kún un. Ní Tamale lápá àríwá Gánà, wọ́n dán mẹ́sééjì wò fún àwọn tó ń lo oògùn ibà, ìwádìí náà jáde ní 2014, ohun kan náà ló sọ: èyí tó kúrú ṣiṣẹ́, èyí tó gùn tó ń ṣàlàyé ò ṣe jù ú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ìwàásù ránṣẹ́ sí oníbàárà, ẹ gbọ́ o.

Ti jíìmù gan-an ńkọ́? Èyí tó tóbi jù tí mo mọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2021. Katy Milkman, Angela Duckworth àti àwọn onímọ̀ púpọ̀ mìíràn lo àwọn oníbàárà 24 Hour Fitness ní Amẹ́ríkà, èèyàn 61,293, wọ́n sì dán ọgbọ́n 54 wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ìránnilétí lórí fóònù, ẹ̀bùn, ètò ṣíṣe, oríṣiríṣi. Ọgbọ́n tí wọ́n rò pé ó máa gbégbá orókè kọ́ ló gbé e. Ẹ̀bùn kékeré bíńtín ni, bíi sẹ́ǹtì mẹ́sàn-án, tí wọ́n fún ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ tó sì padà wá. Sẹ́ǹtì mẹ́sàn-án ò ra nǹkan kan ní Amẹ́ríkà. Lójú tèmi, ohun tó ń sọ ni pé ilẹ̀kùn ò tíì tì, wọlé padà. Ìyẹn mú kí ìgbà tí wọ́n ń lọ lọ́sẹ̀ lé sí i ní 27 nínú 100. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà parí, mẹ́jọ péré nínú 100 àwọn ọgbọ́n náà ni ipa rẹ̀ ṣì hàn. Mẹ́sééjì lè fà yín wá, kò lè dúró tì yín.

Ó ṣe tán, jíìmù kì í tètè di mọ́ọ́lí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023, tó wo àkọsílẹ̀ ìlọsíjíìmù tó lé ní mílíọ̀nù 12, rí i pé ọ̀pọ̀ oṣù ló ń gba èèyàn kí lílọ tó mọ́ ọn lára, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ọwọ́ fífọ̀ ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ara yín bú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rọra.

A wó gbogbo ohun tí a kọ́ palẹ̀. Kóòṣì gbà láti san owó WhatsApp tó ṣeé so mọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti lè fèsì, tí oníbàárà bá sì ti fèsì, wákàtí 24 lẹ ní láti bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe wù yín. Àmì Yorùbá náà padà sáyè rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á ní lẹ́tà lẹ́tà mọ́. Mẹ́sééjì ọjọ́ keje wá di èyí:

"Ẹ ǹlẹ́ o. A ò rí yín lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé dáadáa ni? Ẹ tẹ 1: dáadáa ni, mò ń bọ̀. Ẹ tẹ 2: nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ tẹ 3: ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ẹ" ni fún gbogbo èèyàn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún náà gba "ẹ", kò pa á. Nínú fọ́ọ̀mù, a ń béèrè èdè tí kálukú fẹ́, torí Ọ̀tà kì í ṣe ti Àwórì nìkan mọ́, àwọn ilé iṣẹ́ ti kó gbogbo ayé wá síbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ 1 á rí ìgò omi tútù kan gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tó bá padà, ìyẹn ni sẹ́ǹtì mẹ́sàn-án tiwa. Ẹni tó bá tẹ 2, àbúrò Kóòṣì obìnrin á kọ̀wé sí i nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, á pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tẹ́ni náà ò bá gbé e, ó parí nìyẹn, a kì í fi pípè lé èèyàn kiri bí àwọn ayánilówó orí fóònù.

3 yẹn ṣe pàtàkì o. Kóòṣì ò fẹ́ ẹ, ó ní ẹ̀ ń fi ilẹ̀kùn han èèyàn. Mo sọ fún un pé òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023, fún èèyàn láṣẹ láti kọ̀ kí wọ́n má fi nọ́ńbà òun polówó fún òun mọ́, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Ẹ̀yin náà lè fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 tí SMS ìpolówó bá ti sú yín, NCC ló ṣe é. Látorí ìyẹn la ti fòfin de ara wa: ìwọ̀n ara ẹnikẹ́ni, àìsàn ẹnikẹ́ni, ò gbọ́dọ̀ sí nínú mẹ́sééjì. Fóònù máa ń wà lórí tábìlì, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń wo tábìlì.

Àkókò tún jẹ́ wàhálà. Aago mẹ́fà àárọ̀ tí mò ń kọ́kọ́ lò yẹn, ta ló wà fún? Nínú àwọn tó ń wá síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó pín iṣẹ́ sí àárọ̀, ọ̀sán àti òru, tí wọ́n sì ń yí i padà. Aago mẹ́fà àárọ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọkọ̀ lọ sílé ni, ojú rẹ̀ pọ́n. Ní báyìí, wọ́n ń sọ fún wa irú iṣẹ́ tí wọ́n wà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀rọ á sì dúró dìgbà tí wọ́n bá jí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà dára, Hengchen Dai, Milkman àti Jason Riis fi hàn ní 2014 pé èèyàn máa ń lọ sí jíìmù jù nígbà tí nǹkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, títí kan lẹ́yìn ọjọ́ìbí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ dúró kí owó oṣù wọlé ná.

Ohun tí mi ò mọ̀ pé ó máa ṣẹlẹ̀ ni ohun tí 2 gbé wá. Kóòṣì ti fi gbogbo ìgbà gbà pé ọ̀lẹ ló ń ṣe àwọn èèyàn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ. Ọ̀kan ní òun ń kúrò níbi iṣẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́, Kóòṣì sì ń tilẹ̀kùn láago mẹ́sàn-án. Ọ̀kan ní owó ọkọ̀ láti Ìjọkò ti ju owó jíìmù fúnra rẹ̀ lọ. Obìnrin mẹ́ta, tí wọn ò mọ ara wọn, ní àwọn ò fẹ́ràn bí àwọn ọmọkùnrin ṣe ń dúró wo àwọn lẹ́yìn lálẹ́. Ẹnì kan kọ ọ́ sókí pé: "Kò sí omi ní balùwẹ̀." Kò sí ìwúrí tó lè fa omi sí balùwẹ̀. Kóòṣì ra pọ́ǹpù. Ó ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ fún obìnrin nìkan. Ní ti owó ọkọ̀ Ìjọkò, kò sóhun tó lè ṣe, ó kàn fi fídíò ohun tí onítọ̀hún lè ṣe nínú yàrá rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ẹni yẹn ò padà wá, àmọ́ òun ló mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tollgate wá.

Àǹtí aláṣọ ńkọ́? Èmi àti Kóòṣì lọ kí i kú ọ̀fọ̀ nílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé pé èmi ni mo kọ ọ́, ẹ̀rọ ló fi ránṣẹ́, a ò mọ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ wá ń rán ẹ̀rọ sí èèyàn bí ẹni rán ọmọdé." Ó fún wa lómi mu. Kò sọ bóyá òun máa padà, a ò sì bi í. Kóòṣì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú èyí tí ẹ̀rọ ń kà, ó ní tó bá di lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ìyá, òun á kọ̀wé sí i fúnra òun.

Ó kọ ọ́. "Àǹtí, ẹ kú ìrójú o. Ṣé dáadáa ni?" Mo jókòó tì í nígbà tí èsì wọlé, ohùn ni ó fi ránṣẹ́, ariwo ọjà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ara òun ti ń le díẹ̀díẹ̀, àmọ́ orúnkún òun ń dun òun látìgbà ìsìnkú, òun ò lè gun ẹ̀rọ tó ń sáré yẹn mọ́, ṣé nǹkan kan wà tí èèyàn lè ṣe níjokòó?

Kóòṣì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó lọ gbé àga kan wá láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbé e síwájú dígí, ó jókòó lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ sókè sódò láti wo èyí tí kò ní pa orúnkún lára.